Paratha onípaneer: ṣé oúnjẹ aṣaralóore ni, àbí òróró lásán?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Leicester:

Àwọn ará Íńdíà pọ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn ìbejì mi, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń rí búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní paneer paratha, wọn kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́ pé kí n ṣe é fún àwọn náà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni inú rẹ̀ tú sórí páànù, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ sì mu òróró bí ẹni pé kànìnkànìn ni. Bàbá wọn ní kò sí ohun tó ṣara lóore nínú ìyẹ̀fun tí a fi òróró dín, pé kí n yáa máa se ẹ̀wà fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé irọ́ ni pé oúnjẹ yìí dára fún ara, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe?

* * *

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì pa á tì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Jalandhar, ní ìpínlẹ̀ Punjab, ní ìhà àríwá Íńdíà, inú ilé ìyá àgbà kan tí gbogbo ayálégbé ń pè ní Aunty-ji ni mo sì háyà yàrá sí. Ní ilé yẹn, paratha ni oúnjẹ òwúrọ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà tí kùrukùru bá bo ojú títì tí òtútù sì mú débi pé ènìyàn kò fẹ́ fi ọwọ́ kan omi. Mo jẹ èyí tí wọ́n fi ọ̀dùnkún kún, mo jẹ èyí tí wọ́n fi kọ́líflawà kún, ṣùgbọ́n ti paneer ni wọ́n máa ń ṣe nígbà tí àlejò bá wà tàbí tí ọmọ ilé bá ń lọ ṣe ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Paratha yín kò tú nítorí pé ẹ kò mọ oúnjẹ sè. Omi ló tú u, omi yẹn kan náà ló sì pe òróró tí Bàbá Ìbejì ń bínú sí wá.

Fún àwọn tí kò tíì fi ojú kàn án, paneer ni wàrà tí àwọn ará Íńdíà ń fi omi ọsàn kíkan tàbí fínígà mú dì. Kì í yọ́ bí ó ti wù kí iná gbóná tó, ìdí sì nìyí tí ó fi ṣeé fi kún inú nǹkan. Paratha ni ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi omi pò láìfi ìwúkàrà sí i, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a sì yan lórí tawa, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí àárín rẹ̀ jìn díẹ̀. Bí paneer bá ní omi nínú, iyọ̀ tí ẹ bu sí i yóò fa omi náà jáde, omi yóò rọ ìyẹ̀fun láti inú wá, ibi tí ó bá sì rọ̀ jù ni yóò ya nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ ẹ. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un: yóò dín paneer kù, yóò fi ìyẹ̀fun kún ìyẹ̀fun, paratha yóò nípọn, àárín rẹ̀ kò ní í tètè jinná, ni yóò bá tún bu òróró sí i kí ojú rẹ̀ lè pọ́n. Kí ó tó dé orí àwo, ìyẹ̀fun tó nípọn, paneer tó kéré àti òróró tó pọ̀ ni ọmọ fẹ́ jẹ. Ohun tí Bàbá Ìbejì rí nìyẹn, kò sì parọ́ ohun tí ó rí.

* * *

Láti àná tí mo ti kọ ìyẹn, ìdáhùn ti rọ́ wọlé, ìjà tó sì kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ni ti paneer: ṣé kí a rà á ni, àbí kí a ṣe é nílé? Àwọn tó ní kí a rà á ní àwọn kò ráyè. Àwọn tó ní kí a ṣe é nílé ní ti ọjà le jù, pé bí rọ́bà ni ó ń rí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ti paratha, ẹ̀yìn àwọn tó ń ṣe é nílé ni mo wà, kì í sì í ṣe nítorí adùn nìkan. Paneer tí a fẹ́ fi se ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé gé ní igun mẹ́rin láìfọ́. Èyí tí a fẹ́ fi kún ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí gàrí. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ti ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Lítà kan mílíìkì màlúù tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ yóò fún yín ní nǹkan bí 150 sí 200 gíráàmù paneer, èyí tó tó paratha mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní Punjab, mílíìkì ẹfọ̀n ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, ọ̀rá inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù, nítorí náà tiwọn máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé mílíìkì ka iná títí yóò fi fẹ́ hó, ẹ máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má baà jó. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá máa kán omi ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀; ṣíbí ńlá méjì sábà máa ń tó lítà kan. Ẹ ó rí i tí ó pín ara rẹ̀ sí méjì, ìṣù funfun lókè, omi tó mọ́, tí ó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, nísàlẹ̀. Bí omi náà bá ti mọ́ báyìí, ẹ dáwọ́ dúró, nítorí pé omi ọsàn tó bá lé lórí ìyẹn ló ń sọ paneer di líle. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ da omi tútù lé e lórí kí kíkan rẹ̀ lè lọ, kí ẹ sì gbé ohun wúwo lé e. Mílíìkì inú páálí tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ láìfi sínú fíríìjì, èyí tí iná ti pọ̀ jù fún nílé iṣẹ́, kì í dì dáadáa. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ní ilé Aunty-ji, ọlọ ni ohun wúwo náà. Àwọn ará ibẹ̀ náà ní ọlọ òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata, bí tiwa gẹ́lẹ́: sil ni wọ́n ń pe ọlọ, batta ni wọ́n ń pe ọmọ ọlọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, mo fi ọwọ́ kan aṣọ náà, mo sì sọ pé ó ti gbẹ. Kò dá mi lóhùn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi lójú: ó ń dán. “Paani, puttar,” ni ó wí, omi nìyẹn, ọmọ mi, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sábẹ́ ọlọ. Lẹ́yìn wákàtí kan ó tún fún un. Lọ́tẹ̀ yìí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò dán mọ́, paneer náà di ara rẹ̀ mú díẹ̀, ó sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí ó fi àtàǹpàkò tì í. Ìdánwò yẹn ni mo ń lò títí di òní, n kì í wo aago.

Ẹni tí kò bá ráyè, kí ó ra ti ọjà, kí ó rin ín lórí giréétà, kí ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ gbígbẹ fún ìdajì wákàtí, kí ó sì fún un kí ó tó lò ó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan, pé wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi igbá gbé kiri náà ni paneer, pé orúkọ ló yàtọ̀. Ẹnì kan láti Cotonou ti gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní wagasi tiwọn ni.

Mo bá wọn lọ dé ibì kan. Méjèèjì kì í yọ́ nínú iná, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín wàrà nínú òróró gbígbóná tí ó sì ń jáde ní odindi. Ṣùgbọ́n oje bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú wàrà dì, kíkan ọsàn ni wọ́n fi ń mú paneer dì, wàrà sì máa ń wà nínú omi rẹ̀ títí a ó fi rà á, inú rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké tí omi ń sá pamọ́ sí. Nígbà kan tí mo wá sílé fún ìsinmi, mo fi wàrà ṣe paratha. Mo kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí ìmọ́tótó, mo sì gbé òkúta lé e nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Omi tó jáde tó ìdajì ife. Ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì kún inú ìyẹ̀fun láìsí wàhálà. Adùn rẹ̀ ni kò jọ. Òórùn mílíìkì wúwo nínú wàrà, ewé náà a sì máa fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tí ata tó pọ̀ díẹ̀ lè bò. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìlọrin kò ní láti wá paneer kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Leicester náà kò ní láti wá wàrà kiri.

* * *

Ẹni mẹ́ta ti sọ fún Ìyá Ìbejì pé kí ó lo ìyẹ̀fun funfun, pé odindi àlìkámà ló ń jẹ́ kí paratha ya. N kò gbà rárá. Atta ni àwọn ará Punjab ń lò nínú ilé, odindi àlìkámà tí wọ́n lọ kúnná lórí òkúta, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ewé inú rẹ̀ láti ìta. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ènìyàn yóò ra ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí èèpo àlìkámà inú rẹ̀ tóbi, èèpo náà yóò sì máa ṣe bí abẹ nínú ìyẹ̀fun tí a tẹ́ fẹ́lẹ́. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà tó wà ládùúgbò yín, ẹ ra atta, kí ẹ sì ka ara àpò rẹ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n ti sẹ́ lára èèpo kúrò nínú àwọn kan tí wọ́n kọ “medium” sí lára. Èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé odindi àlìkámà ni kí ẹ mú.

Fún 200 gíráàmù atta, 130 mìlílítà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó tó paratha márùn-ún. Bí ẹ bá ṣe paneer fúnra yín, ẹ má da omi tó jáde lára mílíìkì nù, òun ni kí ẹ fi pò ó, yóò rọ̀ ju ti omi lásán lọ. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó rọ̀ ju ìyẹ̀fun ṣinṣín lọ, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìsinmi yẹn ni gbogbo ènìyàn ń fò. Èèpo àlìkámà kì í tètè mu omi, bí kò bá sì tíì mu ún yó kí ẹ tó tẹ́ ẹ, yóò fà á mu nígbà tí paratha bá wà lábẹ́ igi ìtẹ́, ìyẹ̀fun yóò gan, yóò sì ya.

* * *

Ẹnì kan bínú pé paratha láìsí àlùbọ́sà kò pé. Ní Chandni Chowk, ní Delhi àtijọ́, ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Paranthe Wali Gali, níbi tí àwọn ilé oúnjẹ kan ti ń ta paratha láti àwọn ọdún 1870. Wọn kì í fi àlùbọ́sà tàbí aáyù sí i rárá, ẹ̀sìn wọn ni kò gbà wọ́n láyè, àwọn ènìyàn sì ń tò síbẹ̀ lójoojúmọ́. N kò sọ pé kí ẹni tó fẹ́ràn àlùbọ́sà má fi sí i. Mo sọ pé omi ni àlùbọ́sà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ gé e wẹ́wẹ́ gan-an, ẹ bu iyọ̀ sí i lọ́tọ̀, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù kí ó tó fojú kan paneer.

Èyí tí mo ń ṣe rọrùn. Fún 250 gíráàmù paneer tó ti gbẹ, mo ń lo ata tútù méjì tí mo gé wẹ́wẹ́, ẹ̀kúnwọ́ ewé dhania (coriander) tí mo ti nù gbẹ, atalẹ̀ tó tó ìwọ̀n àtàǹpàkò, ìdajì ṣíbí tíì jeera (cumin) tí mo yan, àti ajwain díẹ̀, ìyẹn èso kéékèèké olóòórùn kan, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra. Dípò omi ọsàn, amchur ni mo ń lò, ìyẹn máńgòrò tí kò tíì pọ́n tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná: kíkan náà ni, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. Bí paneer bá ṣì ń dán lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣíbí ńlá kan besan, ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana, tí a yan lórí iná títí tó fi ń ta sánsán, yóò mu omi tó kù. Mo ti fi gàrí rọ́pò besan nígbà kan tí besan tán nílé. Ó mu omi ju besan lọ, ṣùgbọ́n ó ń dún léyín, àwọn tí a jọ ń gbé kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Iyọ̀ ló gbẹ̀yìn ohun gbogbo. Aunty-ji kì í bu iyọ̀ sí abọ́ paneer. Bí ó bá ti kó ìwọ̀n paratha kan sí àárín ìyẹ̀fun, ìgbà yẹn ni yóò fi ìka méjì fún iyọ̀ wọ́n ọn lórí, tí yóò sì pa á dé.

Ìjà tó tún wà ni ti ọ̀nà tí a ń gbà pa á dé. Àwọn kan ń tẹ́ ìyẹ̀fun méjì, wọ́n á da paneer sí àárín, wọ́n á sì lẹ etí wọn pọ̀. Àwọn kan ń tẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á kó paneer sí i, wọ́n á sì ṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀ sókè bí ẹni ń di ẹnu àpò owó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni tijú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo etí rẹ̀ yíká ni ìyẹ̀fun lásán tí kò ní nǹkan kan nínú, àwọn ọmọ yóò sì jẹ àárín, wọ́n á fi etí sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti Punjab. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹ tẹ́ etí ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ ju àárín rẹ̀ lọ kí ẹ tó kó nǹkan sí i, nítorí pé etí yẹn ni yóò ṣù jọ sí ojú kan tí ẹ bá dì í. Ẹ já èyí tó bá ṣẹ́ kù lókè sọnù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí paneer lè tàn dé etí, kí ẹ tó fi igi tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí ìta, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn jù. Ìgò tí a fi ń tẹ́ ṣinṣín nílé náà lè ṣe é. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀.

* * *

Ó kan Bàbá Ìbejì báyìí, nítorí pé ẹni mẹ́fà ló ti gbè é lẹ́yìn. Èrò wọn ni pé oúnjẹ ọlọ́ràá ni paratha, àti pé orúkọ rere tí wọ́n fún un kò ju ìpolówó lọ. Bí ó bá jẹ́ ti Paranthe Wali Gali ni wọ́n ń sọ, òótọ́ ni: inú ghee gbígbóná, ìyẹn bọ́tà tí a yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, ni wọ́n ń rì í sí níbẹ̀, bí a ṣe ń dín àkàrà. Ní Murthal, ní ìpínlẹ̀ Haryana, lójú ọ̀nà tó ti Delhi lọ sí Punjab, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró jẹun, inú tandoor, ìyẹn ààrò amọ̀, ni wọ́n ti ń yan án, ṣùgbọ́n òkìtì bọ́tà funfun ni wọn yóò gbé lé e lórí kí ó tó dé iwájú yín. Mo ti jẹ ẹ́ níbẹ̀ ní agogo méjì òru, n kò sì kábàámọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ìrìn-àjò ni.

Ẹ wo ti inú ilé. Paratha kan tí a fi 40 gíráàmù atta àti 50 gíráàmù paneer ṣe, tí a sì fi ṣíbí tíì kan ghee pa lára: atta yẹn ní nǹkan bí 136 kálórì àti gíráàmù 5 purotéènì, paneer ní nǹkan bí 145 kálórì àti gíráàmù 9 purotéènì, ghee ní 45 kálórì. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 325 lọ, purotéènì rẹ̀ sì tó gíráàmù 14, èyí tó ju ti ẹyin méjì lọ. Bí ẹ bá tún bu ṣíbí kan ghee sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 90 kálórì ló fi lé, purotéènì kò sì fi ẹyọ kan lé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rá paneer fúnra rẹ̀ kò kéré, ó tó gíráàmù 10 sí 12 nínú 50 yẹn, nítorí náà ẹni tí dókítà ti ní kí ó ṣọ́ ọ̀rá jẹ lè fi mílíìkì tí wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ ṣe é, yóò kàn le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Bí ṣíbí kan ṣe lè tó nìyí. Ẹ gbé paratha sórí tawa gbígbóná láìsí òróró kankan. Bí ojú òkè rẹ̀ bá ti yí àwọ̀ padà, ẹ yí i. Bí ojú kejì bá ti ní àmì rúsúrúsú níbi méjì mẹ́ta, ẹ tún un yí, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí pa ìdajì ghee náà sí i lára, kí ẹ sì pa ìdajì tó kù sí ojú kejì. Ìyẹ̀fun tútù ni í mu òróró. Èyí tí ojú rẹ̀ ti gbẹ, ara rẹ̀ lásán ni ghee yóò dúró sí tí yóò fi pọ́n. Ẹ má sì dín iná kù nítorí ìbẹ̀rù, iná kékeré ló ń gbẹ ẹ́ títí tí yóò fi dà bí páálí.

Ní ti ẹ̀wà, n kò bá Bàbá Ìbejì jiyàn. Ẹ̀wà ní fáíbà tí paneer kò ní rárá, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó wọn béèrè ni ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní í gbé padà wálé.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni méjì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ: odindi àlìkámà ṣì jẹ́ àlìkámà. Ó sàn ju ìyẹ̀fun funfun lọ, purotéènì inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ó pẹ́ nínú, ṣùgbọ́n kí Màmá ka ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n tí dókítà fún wọn, kí wọ́n sì fi yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà jẹ ẹ́ dípò achar, ìyẹn èso tàbí ewébẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti òróró pa mọ́, nítorí pé iyọ̀ inú achar pọ̀ gan-an. Ẹni tí mílíìkì máa ń rú nínú: ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà mílíìkì tó ń dà yín láàmú máa ń bá omi lọ nígbà tí a bá sẹ́ paneer, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lè mu ife mílíìkì kan ń jẹ paneer láìsí ariwo nínú. Ẹ fi díẹ̀ dán an wò.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ní òun rí paneer tí owó rẹ̀ dín sí ìdajì. Ẹ ṣọ́ra. Ní ọdún kejì mi ní Jalandhar, mo ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà. Kò fọ́, ó ń ta padà ni bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ó sì dé orí tawa, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ara rẹ̀. Aunty-ji fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e fún ajá, ajá náà rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń ta paneer kan ní Íńdíà tí wọ́n fi òróró ewébẹ̀ rọ́pò ọ̀rá mílíìkì nínú rẹ̀. Òfin gbà á bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń sọ. Àwọn mìíràn ń fi ìyẹ̀fun sítáàṣì kún un kí ó lè wúwo. Ẹ kán áyódínì díẹ̀ sí i lára lẹ́yìn tí ẹ bá ti bọ̀ ọ́ tí ó sì tutù: bí ó bá di àwọ̀ aró, sítáàṣì wà níbẹ̀. Nítorí èyí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ ṣe é nílé.

* * *

Ìyá Ìbejì ti padà wá. Wọ́n ní àwọn ṣe márùn-ún ní alẹ́ àná, mẹ́rin dúró pátá, ẹ̀karùn-ún tú ní àárín, àti pé àwọn tí wọ́n dì fún àwọn ọmọ ti rọ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀ kí ó tó di ọ̀sán.

Èyí tó rọ̀, ẹ dì í nígbà tó ṣì gbóná. Ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ó di omi mọ́ ọn lára. Ẹ tò ó sórí irin onihò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ tó wá gbé e sínú ike. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yan án láìfi ghee sí i títí ojú méjèèjì yóò fi gbẹ, ẹ fi bébà sí àárín wọn, kí ẹ kó wọn sínú fírísà. Ní òwúrọ̀, tààrà sórí tawa ni, ìgbà yẹn ni ẹ ó pa ghee sí i.

Ní ti èyí tó tú, mo bi wọ́n bóyá ìkẹyìn tí wọ́n ṣe ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún bi wọ́n bóyá gbogbo abọ́ paneer ni wọ́n bu iyọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ní ojú ń kán àwọn ni, àwọn rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Iyọ̀ yẹn ti wà nínú abọ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó kan ẹ̀karùn-ún. Bí ẹ bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ tó bu èyí tó kẹ́yìn, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ náà sókè díẹ̀, ẹ ó rí omi tí yóò ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.